Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Valmiki ní akéwì àkọ́kọ́?

Ẹnì kan béèrè pé: bí Rig Veda, ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Híńdù, bá ti wà ṣáájú Ramayana, ewì gígùn tó sọ ìtàn ọba Rama, tó sì jẹ́ pé orin ló kún inú Rig Veda, kí ló dé tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń pe Valmiki, ẹni tí wọ́n ní ó kọ Ramayana, ní adikavi, ìyẹn akéwì àkọ́kọ́?

Òótọ́ ni, Rig Veda dàgbà ju Ramayana lọ dáadáa. Orin 1,028 ló wà nínú ìwé rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n lójú onísìn Híńdù, kò sí ọmọ ènìyàn tó kọ Veda, àwọn ìwé mímọ́ tí Rig Veda jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní ńṣe ni àwọn arínúróde ayé àtijọ́ gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní shruti, ohun tí a gbọ́. Èyí tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ hun ni kavya, ewì. Nínú kavya ni Valmiki ti jẹ́ aṣíwájú.

Ìwé kìn-ín-ní Ramayana fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Valmiki àti Bharadvaja, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, lọ sí odò Tamasa láti wẹ̀. Ó rí ẹyẹ krauncha méjì, akọ àti abo, tí wọ́n ń ṣeré ìfẹ́. Àfi bí ọdẹ kan láti ẹ̀yà Nishada ṣe ta akọ lọ́fà! Akọ ń yí nínú ẹ̀jẹ̀, abo fi igbe ta. Àánú wọ Valmiki lára, ó gbé ọdẹ náà ṣépè: kò ní rí ìsinmi títí ayé, nítorí ó pa ọ̀kan nínú ẹyẹ méjì tí ìfẹ́ ti gbà lọ́kàn.

Èpè ló ṣẹ́, kò ní ewì lọ́kàn rárá. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Kí ni mo wí yìí? Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ìlà mẹ́rin ni, sílébù mẹ́jọ-mẹ́jọ, ó sì ṣeé fi ohun èlò olókùn gbè. Ó ní níwọ̀n bó ti jẹ́ inú shoka ló ti jáde, kí ó máa jẹ́ shloka. Shoka ni ìbànújẹ́. Shloka sì ni orúkọ irú ẹsẹ ewì bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Àwọn onímọ̀ èdè kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní inú gbòǹgbò tó túmọ̀ sí "gbọ́" ni shloka ti yọ, gbòǹgbò kan náà tó bí shruti. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ onísílébù 32 ti wà nínú Veda, anushtubh ni wọ́n ń pè é. Lójú tèmi, èyí kò ba ìtàn náà jẹ́. Kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ló fẹ́ fi hàn wá, bí kò ṣe ibi tí ewì ti ń ṣẹ̀. Anandavardhana, ọ̀mọ̀wé ará Kashmir ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, tọ́ka sí ìbànújẹ́ tó di shloka yìí nígbà tó ń ṣàlàyé ohun tó jẹ́ ẹ̀mí ewì.

Àwa náà mọ ẹkún tó di ewì: ẹkún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ ni ìyàwó ń sunkún lé lórí. Ẹyẹ tí kò bá a tan rárá ni Valmiki ń dárò.

Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Brahma, òrìṣà ẹlẹ́dàá, wá bá a, ó ní kí ó fi irú ẹsẹ yẹn sọ ìtàn Rama. Ìyẹn ló di ẹsẹ bí 24,000. Ìtàn náà sì tún jẹ́ ti tọkọtaya tí a yà nípa: nínú ìwé keje, Rama lé Sita aya rẹ̀ jáde pẹ̀lú oyún, Valmiki gbà á sọ́dọ̀, ibẹ̀ ló bí ìbejì sí. Kusha àti Lava, àwọn ìbejì náà, ni Valmiki kọ́ ní ewì ọ̀hún, àwọn ni wọ́n sì lọ kọ ọ́ létí bàbá wọn.