Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni mọ́tò lè gun kọnkéré tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí gárééjì?

Ó kéré tán ọjọ́ 7 kẹ́ẹ tó gbé mọ́tò gorí ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó wúwo gan-an, ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ 28, torí ìgbà yẹn ló máa ń le dáadáa. Ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì. Oòrùn Èkó yìí gan-an ni kẹ́ẹ ṣọ́ra fún, tó bá tètè gbẹ jù ó máa sán wẹ́wẹ́ lójú, torí náà ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7 yẹn, ẹ sì fi ọ̀rá bò ó. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tílẹ̀ ti ń sun omi, bíi Lekki tàbí Àjàh, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kẹ́ẹ tó da kọnkéré. Nínípọn ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ínṣì 4.