Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kí Ló Ń Lé Nọ́ọ̀sì Kúrò Ní Wọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Àwa méjì la máa ń ṣe náìtì, aláìsàn 30. Mo lè sùn títí lọ́jọ́ ìsinmi, síbẹ̀ ó máa ń rẹ̀ mí. Mo ti wá ń jágbe mọ́ aláìsàn. Ṣé àìsàn ni àbí ìwà? — *Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ìwà yín ò bàjẹ́. Burnout ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe yín lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ ní 2019, nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn àti ọ̀rọ̀ ìlera lẹ́sẹẹsẹ. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ló ń fà á. Okun á tán nínú ènìyàn, iṣẹ́ á sú u, á sì máa rí i bíi pé ohun tó ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan. Oorun máa ń lé àárẹ̀ lásán lọ. Kì í lé èyí, torí ohun tó fà á ṣì ń dúró dè yín ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò náìtì kan, aago 8 alẹ́ sí 8 àárọ̀. Ká ní ẹ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara àti èémí ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kíkọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí 7 ààbọ̀ nìyẹn. Oògùn àti abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 6 fún ẹnì kan: wákàtí 6. Wákàtí 13 ààbọ̀ ti lọ nínú 24 tí ẹ̀yin méjèèjì ní, ẹ ò tíì pààrọ̀ omi dírípù, ẹ ò tíì yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà kí egbò má baà dá sí i nídìí. Kí wọ́n wá gbé ẹnì kan dé láti tíátà ní aago 1 òru: ìṣẹ́jú 15-15 lẹ ó máa wò ó fún wákàtí àkọ́kọ́. Ẹnì kan nínú yín ò ní lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn 30 tó kù á sì di ti ẹnì kejì. (Àwọn tó máa ń sọ pé iṣẹ́ àánú ni, kò jọ pé wọ́n ti ṣe ìṣirò yìí rí.)

Linda Aiken, olùwádìí lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Aláìsàn 1 tó bá lé lórí iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu kí iṣẹ́ sú nọ́ọ̀sì náà á fi ìdá 23 nínú 100 lọ sókè; ewu ikú aláìsàn á fi 7 lọ sókè.

Ìbéèrè: Mo ti fi owó kún owó oṣù, wọ́n ṣì ń lọ. Nọ́ọ̀sì 8 ni mo ní, 3 ni mo sì ń fi sí dúútì kọ̀ọ̀kan. — *Mátírọ̀ọ̀nù, Èkó*

Ìdáhùn: Mà, wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì 8 ní wákàtí 40-40 jẹ́ 320. Kò tó ẹni 2 nígbà gbogbo, áḿbọ̀sìbọ́sí 3. Ẹni 3 ń fẹ́ nọ́ọ̀sì 13, kẹ́nikẹ́ni má tíì gba ìsinmi ọdún tàbí lọ bímọ. Ẹ pè é ní 15 tàbí 16. Inú ìsinmi wọn lẹ ti ń yọ ẹni kẹta, owó tẹ́ ẹ fi kún un ò sì lè rà á padà.

Bí owó ò bá tíì sí láti gba ènìyàn, ẹ dín iṣẹ́ tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì kù. Ẹ dúró ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n jáde lọ yí sílíńdà ọ́síjìn wá, tàbí lọ yá ẹ̀rọ ìfúnpá ní wọ́ọ̀dù kejì. Pọ́tà kan tó ń bá wọn gbé nǹkan àti ẹ̀rọ méjì kò wọ́n tó nọ́ọ̀sì kan tó lọ.

Lẹ́yìn náà, ìwé dúútì. Ẹ gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Kí náìtì má ju 3 lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ìsinmi ọjọ́ 2 sì tẹ̀lé e. Àárọ̀ tó jáde ní náìtì kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi o. Oorun ni yóò fi ṣe. Ẹ má sì gbé ẹnikẹ́ni láti dúútì ọ̀sán bọ́ sí ti àárọ̀. Kó tó fi wọ́ọ̀dù lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, aago 9 alẹ́ ti lọ. Pẹ̀lú gosíló Èkó, aago 11 ló máa délé, aago 5 ìdájí ló tún máa jí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò lè lọ sí òkè òkun? — *Bàbá kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, NMCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, kéde pé ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì kí wọ́n tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn. Lójú tiwa, òfin náà kàn sún ọjọ́ ìrìnàjò síwájú ni. Kò fi ẹnì kan kún wọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn, NANNM, daṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 oṣù keje 2025, owó dúútì àti gbígba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n bèèrè.

Kó fara balẹ̀ yan ibi tó ti máa lo ọdún 2 náà, Bàbá. Kó tó fọwọ́ síwèé, kó bi wọ́n: aláìsàn mélòó ni ti nọ́ọ̀sì kan lóru? Ìgbà wo ni ìwé dúútì ń jáde? Ṣé ibi tí wọ́n lè sùn sí wà fún ẹni tó bá jáde ní dúútì ọ̀sán tí ilẹ̀ ti ṣú?