Báǹkì ìlú ti kógbá wọlé: bí ẹ ṣe lè tọ́jú àkáǹtì àwọn òbí yín láti òkè òkun

Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London béèrè pé ẹ̀ka báǹkì kan ṣoṣo tó wà nílùú wọn ní Èkìtì ti pa, Màmá sì ní láti wọ mọ́tò dé Adó kí wọ́n tó rí káńtà. Wọ́n ní pásíbúùkù Bàbá tó ti dolóògbé náà ṣì wà nínú àpótí. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀: ẹ̀ka ló pa, àkáǹtì ò pa. Nọ́ńbà àkáǹtì oní-10 yẹn kò so mọ́ ẹ̀ka kankan, kò ní yí padà. Ohun tó ń ṣí kúrò ni fáìlì: káàdì ìbuwọ́lùwé, fọ́tò àti ìtẹ̀ka Màmá. Báǹkì á kó wọn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ó sì pọn dandan kí ẹ mọ orúkọ ẹ̀ka náà. Lóòótọ́, ẹ̀ka yòówù lè gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Màmá, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka, wọ́n sábà máa ń kọ̀wé sí ẹ̀ka tí fáìlì wà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan ti ń di mẹ́ta. Ẹ lọ tààrà síbi tí fáìlì wà.

Ẹ má retí pé ẹ̀ka yẹn á tún ṣí láìpẹ́. Ìdigunjalè Ọ̀fà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, gba ẹ̀mí tó lé ní 30, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ìlú kéékèèké ti ń ba àwọn báǹkì. Ẹ fi owó dísù kún un, ẹ fi owó ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ owó kún un. Àwọn báǹkì ní fóònù ti gba iṣẹ́ káńtà. Tó bá jẹ́ ti ká fowó ránṣẹ́, òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ ti ká tún orúkọ ṣe, ká yí nọ́ńbà fóònù padà, tàbí ká tú àkáǹtì tí wọ́n ti dè, irọ́ gbuu ni. Kásíà tó mọ Màmá lójú, tó lè sọ pé "ìyá wa nìyí, ẹ dá wọn lóhùn", ti lọ. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni kí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù bára mu níbi gbogbo. Tí wọn ò bá bára mu, kò sẹ́ni tí ẹ máa bẹ̀.

Ẹ má sì fi wé ti Britain. Ẹ̀ka báǹkì tó ju 6,000 ló ti pa níbẹ̀ láti 2015, ṣùgbọ́n Post Office ṣì ń gba owó, ó ń san owó fún oníbàárà báǹkì káàkiri. Nílé, oní-POS ló jogún iṣẹ́ yẹn. Owó nìkan ló lè bá yín gbà tàbí kó san, kò lè tún àkáǹtì ṣe.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ fi náírà 100 ránṣẹ́ sí àkáǹtì Màmá láti inú app yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, orúkọ á jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, torí orúkọ tí báǹkì mọ̀ nìyẹn. Ẹ má wá rò pé owó tó wọlé ti fi hàn pé àkáǹtì wà láàyè o. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2024 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n de àkáǹtì tí kò bá ní BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì) tàbí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ sì lè gba owó wọlé láìjẹ́ kó jáde. Ọmọ á máa ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìyá á máa rí àlẹ́ẹ̀tì, owó ò sì ní ṣeé gbà. Ẹ ní kí Màmá gba náírà 1,000 jáde kí ẹ tó fi owó ńlá síbẹ̀.

Bí kò bá jáde, ọ̀rọ̀ di ti BVN àti NIN. Kí Màmá tẹ *565*0# lórí fóònù tí wọ́n fi ṣe BVN, wọ́n á rí BVN. *346# ni ti NIN. Oní-11 ni méjèèjì, ẹ kíyè sí i kí ẹ má fi ọ̀kan sípò èkejì lórí fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, ẹ to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti àkáǹtì, ti BVN, ti NIN. Níbí gan-an ni wàhálà àwọn àgbà wa pọ̀ sí. Orúkọ ilé ọkọ wà lórí ọ̀kan, orúkọ ilé bàbá lórí èkejì. Akọ̀wé kan kọ "Abosede", èkejì kọ "Bosede". Ọjọ́ ìbí tí ẹnì kan dá lábàá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì ni 1 January, ti NIN sì yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ orúkọ ló yàtọ̀, ẹ tún ti NIN ṣe kọ́kọ́, torí báǹkì máa ń fi NIN ṣe ẹ̀rí láti tún BVN ṣe. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀: ẹ fi NIN sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tún BVN ṣe kó bá a mu. Láti 2025, náírà 28,574 ni NIMC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe NIN, ń gbà láti yí ọjọ́ ìbí padà, náírà 2,000 péré sì ni ti orúkọ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kéèyàn yí ọjọ́ ìbí padà lórí BVN, nítorí náà ẹ rí i dájú kí Màmá tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ìwé tí wọ́n máa bèèrè ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù, ìwé ìgbéyàwó tó bá wà, àti NIN fúnra rẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń dá ọjọ́ rú: ìka. Ẹni tó ti fi ọwọ́ gé iṣu tàbí lọ ata fún ogójì ọdún, ìlà ìka rẹ̀ á ti pa, ẹ̀rọ á sì máa sọ pé òun ò rí nǹkan. Kí Màmá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ ra á kó má gbẹ jù, kí wọ́n sì gbé ìka lé e láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-in. Bí àtàǹpàkò bá kọ̀, kí wọ́n gbìyànjú ìka mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé máa ń gbìyànjú kó tó ní "ẹ padà wá lọ́la". Kí ẹni tó bá Màmá lọ má gbà.

Nọ́ńbà fóònù ló kàn, òun ló sì ń pa àwa ará òkè òkun lára jù. SIM tí kò bá ṣe ohun kan tó mówó wọlé fún iléeṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 180, wọ́n lè pa á. Bí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ẹni yẹn ni á máa gba òǹkà ìdánilójú (OTP) tí báǹkì yín ń fi ránṣẹ́. Bí SIM Nàìjíríà yín bá wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Peckham, ẹ fi sínú fóònù tó ṣeé lò, ẹ máa ra káàdì sí i, kí ẹ sì fi pe ilé tàbí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní ètò tí wọ́n fi ń bá arìnrìn-àjò pa nọ́ńbà mọ́. Ẹ béèrè number parking lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti Màmá, nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn, kì í ṣe ti ọmọ aládùúgbò tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn, tó sì mọ PIN káàdì, òun ló ní àkáǹtì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti yí i padà, Màmá fúnra wọn ní láti yọjú sí ẹ̀ka pẹ̀lú NIN àti SIM tí wọ́n ti so mọ́ NIN. Ẹ sì rántí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2025, inú owó káàdì fóònù ni wọ́n ti ń yọ owó USSD, ìyẹn kóòdù oníràwọ̀ tí a fi ń bá báǹkì ṣe nǹkan lórí fóònù, náírà 6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Tí Màmá bá ní kóòdù ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá káàdì ti tán.

Ní ti oní-POS: CBN ní kí wọ́n má san ju náírà 100,000 fún oníbàárà kan lójúmọ́, nítorí náà tí Màmá bá fẹ́ san owó oníbíríkì, ẹ pín in sí ọjọ́ mélòó kan tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì oníbíríkì tààrà. Iye tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ láti ìsọ̀ sí ìsọ̀. Kí Màmá béèrè kí wọ́n tó na káàdì. Kí wọ́n tẹ PIN fúnra wọn, kí ẹ̀rọ má sì kúrò lójú wọn. Ibi tí owó ti ń sọnù jù nìyí: bébà jáde pé kò ṣeé ṣe, owó sì ti kúrò. Oní-POS á ní "ẹ jẹ́ ká tún un gbìyànjú". Kí Màmá má gbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ iye tó kù wò, kí wọ́n sì tọ́jú bébà. Òfin CBN ni pé owó tó kọ́ lórí POS gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ti ATM báǹkì mìíràn, wákàtí 48. Ti ATM báǹkì tiwọn, ojú ẹsẹ̀, tàbí wákàtí 24 bí ẹ̀rọ bá kùnà. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ẹ kọ̀wé sí báǹkì, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn sí i. Ẹ̀yìn káàdì ATM ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà customer care o. Àwọn tó ń dáhùn lábẹ́ àròyé yín lórí Facebook, oníjìbìtì pọ̀ nínú wọn.

Ó ku pásíbúùkù Bàbá. Ẹ wo orúkọ báǹkì tó wà lára rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ti yí ọwọ́ padà. National Bank wọ inú Wema ní 2005. Oceanic di Ecobank ní 2011. Intercontinental di Access ní 2012, Diamond náà di Access ní 2019. Bank PHB di Keystone. Afribank di Mainstreet, Mainstreet bọ́ sọ́wọ́ Skye, Skye di Polaris ní 2018. Heritage ni ti ẹ̀kún: CBN gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dójútòfò owó inú báǹkì, ni kí ẹ kọ̀wé sí, náírà mílíọ̀nù 5 sì ni ìdójútòfò bò fún ẹnì kan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan àkáǹtì fún ọdún mẹ́wàá, owó inú rẹ̀ lè ti wà lọ́dọ̀ CBN, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2024. Kò tíì sọnù. Ọ̀dọ̀ báǹkì náà lẹ ó ti béèrè fún un.

Ìwé tí báǹkì máa bèèrè ni letter of administration (ìwé tó fún ẹnì kan láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé) láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka Probate tó ń rí sí ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀, tàbí probate (ìwé tí kóòtù fi fìdí ìwé ìhágún múlẹ̀) bí Bàbá bá ṣe ìwé ìhágún. Ẹni tí wọ́n kọ sí next of kin ò ní ẹ̀tọ́ sí owó nítorí ìyẹn nìkan; ẹni tí báǹkì máa pè ni. Power of attorney (ìwé tí a fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹni) tí Bàbá fọwọ́ sí nígbà ayé rẹ̀ náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà kankan ta á fún yín.

Ti Màmá tàbí tiyín yàtọ̀, torí ẹ wà láàyè. Power of attorney tí ẹ bá ṣe ní òkè òkun, ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public, òṣìṣẹ́ òfin tó ń jẹ́rìí sí ìwé. Evidence Act ti 2011 gbà á bẹ́ẹ̀. Báǹkì míì tún máa ń fẹ́ òǹtẹ̀ aṣojú Nàìjíríà, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì fi ojúlówó ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé yín gbọ́dọ̀ bá èyí tí báǹkì ní mu. Bí ẹ ò bá tíì ní BVN, CBN àti NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó BVN, ṣí ètò NRBVN, ìyẹn BVN fún ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, dọ́là 50 ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti ṣe é láìwọ bàálù.

Nígbà tí Màmá bá máa lọ sí Adó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ ní ìparí oṣù nígbà tí owó oṣù àti pẹ́ńṣàn ń wọlé, ẹ má sì mú ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n mú NIN, káàdì ATM, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, bíìlì iná àti fóònù tí SIM wà nínú rẹ̀, kó ní iná kíkún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ pe ẹ̀ka yẹn kí Màmá tó gbéra, ẹ bi wọ́n bóyá network wà àti bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní "ó máa tó dé", kí Màmá jókòó sílé.