Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ọjọ́ mẹ́rin lórí omi tútù pẹ̀lú àwọn tí kò tukọ̀ rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà fẹ́ fi ọkọ̀ àjẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin gba inú aginjù tí kò sí ilé, tí kò sí títì, ní ìparí oṣù kẹsàn-án tí ewé igi bá ń wọ́. Èmi àti ẹnì kan péré la mọ ọkọ̀ tù. Àwọn mẹ́rin yòókù kò di àjẹ̀ mú rí. Ọkọ̀ mẹ́ta la máa lò, mo sì ti ṣírò rẹ̀ sí kìlómítà 25 lójúmọ́. Ṣé a lè rìn ín? Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ mójú tó?

Ìdáhùn: Ẹ lè rìn ín. Kìlómítà 25 yẹn ni kò lè ṣeé ṣe. Ẹ gé e sí 12, tàbí 15 bí omi bá dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ kì í sábà ju kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní wákàtí kan, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ kò bá dojú kọ ọ́. Ojúmọ́ ìgbà yẹn kò ju bíi wákàtí 12 lọ. Ẹ yọ àsìkò tí ẹ máa fi dáná, tú àgọ́, di ẹrù kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì ti gúnlẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lórí níbi tí ẹ ti ń ṣa igi. Bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ti máa ru ọkọ̀ àti ẹrù gba orí ilẹ̀, tí ẹ kò lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kìlómítà kan ti di mẹ́ta nìyẹn: ẹ ó lọ, ẹ ó padà, ẹ ó tún lọ. Máàpù kì í sọ ìyẹn fúnni.

Síbẹ̀, ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú ètò yín, omi ni. Oòrùn ọ̀sán ìgbà ìwọ́wé máa ń tan èèyàn jẹ: ará á móoru débi pé ẹ ó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù, omi abẹ́ ọkọ̀ á sì tutù ringindin. Nínú omi tí kò tó dígírì 15, ẹni tó bá já sí i á kọ́kọ́ máa mí hẹlẹhẹlẹ láìfẹ́, ó sì lè fa omi símú. Àwa tí à ń kọ́ni máa ń sọ pé 1-10-1: ìṣẹ́jú kan láti kápá èémí, ìṣẹ́jú 10 kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó kọṣẹ́, wákàtí kan kí èèyàn tó dákú. Omi tó sún mọ́ yìnyín ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀; tiyín lè fúnni láyè díẹ̀ sí i, ẹ má kàn gbọ́kàn lé e. Ìdí nìyẹn tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, fi gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn, kó sì wà ní dídè. Èyí tí ẹ fi ṣe ìjókòó kò wúlò, torí ọwọ́ tó ti kú kò lè dè é nínú omi.

Nítorí náà, etí omi ni kí ẹ máa gbà, kódà bó bá mú ọ̀nà gùn. Àárín adágún ńlá kì í ṣe ibi ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Afẹ́fẹ́ sábà máa ń le lọ́sàn-án, ẹ tètè jáde láàárọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ìgbì ń hó funfun, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Kí ẹ lè dúró láìkánjú, ẹ ṣètò ọjọ́ mẹ́ta fún ìrìn, kí ọjọ́ kẹrin wà fún ìjì.

Kí ọjọ́ ìrìn tó pé, ẹ kó gbogbo wọn lọ sí omi tí kò jìn, lọ́jọ́ tó móoru, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Kí oníkálukú kọ́ bí a ṣe ń di ọkọ̀ mú dípò kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà jù, ó dáa kí ẹ mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Aṣọ: ẹ má wọ òwú, jíǹsì ló burú jù. Aṣọ irun àgùntàn ṣì máa ń mú ara móoru díẹ̀ bí omi bá tilẹ̀ rin ín. Kí olúkúlùkù ní aṣọ gbígbẹ kan tí kò ní wọ̀ àfi nínú àgọ́, nínú àpò tí omi kì í wọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tó ń kólòlò, tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gúnlẹ̀ kíá, ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná tó dùn bó bá ṣì lè gbé e mì, má fún un ní ọtí. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí kò sì tíì móoru, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́.

Ìpè yẹn kò lè jẹ́ ti fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà dé irú ibẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ẹ fi máàpù yín àti wákàtí tí ẹ máa padà sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Ìgbà ọdẹ sì ni ní ibi púpọ̀, ẹ wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn kí àwọn ọdẹ lè tètè rí yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin méjì tó mọ̀ ọ́n kò lè jókòó sí ìdí ọkọ̀ mẹ́ta, ìdí ọkọ̀ la sì ti ń darí. Ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin dáadáa ṣáájú. Bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, ẹ pàgọ́ síbì kan létí adágún kékeré, kí ẹ máa jáde láàárọ̀, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.