Èsì: Ṣé òdòdó kankan wà láti wò ní London ní Fẹ́búárì?

Ẹ̀gbọ́n, ó wà dáadáa o, ẹ má dúró de Épírì! Snowdrop ti máa ń yọ láti Jánúárì, funfun báláú, á wá doríkodò, òdòdó crocus á sì tẹ̀ lé e. Ẹ lọ sí Kew, ọgbà ewéko ńlá tí wọ́n ń sanwó wọ̀, tówó bá wà, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni St James's Park, èmi fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbìn ín sílé, ẹ má ra snowdrop tó ti gbẹ nínú ọ̀rá, kì í sábà hù, èyí tí ewé ẹ̀ ṣì tutù ni kẹ́ ẹ rà ní nọ́sìrì tí wọ́n ti ń ta òdòdó lẹ́yìn tó bá tanná tán, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ kíá. Ẹ ṣáà má gbé e sí kíṣìnì, ìdí ẹ̀ jọ àlùbọ́sà kékeré, májèlé sì ni.