Ẹ wá lọ́yà tó máa bi yín ní ìbéèrè tí ń bíni nínú

Sister mi, ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Kubwa, òun ló lówó lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ mọ oúnjẹ sè, ẹ wá ń bèèrè lọ́yà tí ò wọ́n tó máa bá yín kọ àdéhùn, ọ̀rẹ́ yín sì ní ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ lọ́yà máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àga àti bẹ́ẹ̀dì lèmi ń kàn ní Kugbo, èmi àti ọmọ Hausa kan la jọ dá a sílẹ̀, owó tiẹ̀, ọwọ́ tèmi, bíi tiyín gẹ́lẹ́ ni.

Lọ́yà tá a kọ́kọ́ lọ bá ní Wuse, orúkọ tá a fẹ́ rẹ́jísítà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, nìkan ló bi wá, ó ní ká mówó wá, sátífíkéètì máa jáde, ó parí. A dúpẹ́, a bá tiwa lọ. Ṣebí sátífíkéètì ò ní sọ ẹni tó máa gba èló nínú èrè, àbí?

Màmá lọ́yà kan ní Garki la wá rí. Ó jókòó tì wá, ó ń bi wá pé tí ọ̀kan nínú yín bá kú ńkọ́, ṣé ìyàwó ẹ̀ ló máa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àbí ẹ máa san owó ẹ̀ fún un? Ta ló máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó? Tẹ́nì kan bá lọ yáwó lórúkọ òwò láìsọ fún èkejì ńkọ́? Tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣé á ṣì máa gba èrè? Pátínà mi ti ń wo aago, inú èmi náà ò dùn, àfi bíi pé ó ń ṣépè fún wa. Àmọ́ ká tó dé ìsàlẹ̀ ilé, àwa méjèèjì ti gbà pé òun ni.

Ohun tó sọ tó kàn yín jù rèé o: òfin pátínáṣíìpù, ìyẹn òwò àjọṣe, ti ìlú ọba lọ́dún 1890 ṣì ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá níbí, tẹ́ ò bá sì kọ àdéhùn tiyín, ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ máa jẹ. Ó ní dọ́gbadọ́gba lẹ máa pín in, èrè o, àdánù o, ẹni tó mú mílíọ̀nù wá àtẹni tó mú ṣíbí wá. Ó tún ní kò sí owó oṣù fún pátínà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jí dáná ní ìdájí, ẹ gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pín èrè.

Ẹ tún bi lọ́yà yín léèrè LLP, ìyẹn pátínáṣíìpù tí gbèsè ẹ̀ ní ààlà. CAMA 2020, òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, ló mú un wọlé, òun ni kì í jẹ́ kí gbèsè òwò wọ ilé yín wá gbé fíríìjì, torí pátínáṣíìpù lásán ò ní irú ààbò yẹn. Lọ́yà tó bá ń ta kókó níbẹ̀, ẹ wá òmíì jare.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé àwọn lọ́yà ní Supreme Court, kó sì lè lẹ sítáǹpù NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má gba ti ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ lọ́yà o, bó ti wù kó lọ́fẹ̀ẹ́ tó. Tó bá pọn dandan pé òun lẹ máa lò, ẹ̀yin náà ẹ san díẹ̀ fún ẹlòmíì kó bá yín kà á.

Tó bá kọ ọ́ tán, ẹ má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọlé ná. Àbúrò ìyá mi tó jẹ́ tísà ló bá mi ka tèmi, òun ló rí i pé ìdá èrè tó wà lójú ewé kejì ò bá ti ìkarùn-ún mu, màmá Garki sì tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.