Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ àyà gìtá àtijọ́ yẹn

Àbúrò mi, o ní wọ́n fẹ́ ta Gibson ES-330, gìtá oníná tí wọ́n ṣe ní 1967, fún ọ, o sì ń bèèrè bóyá ó rọrùn fún ìka láti ta, bóyá ó bá jùjú mu. Irú ẹ̀ gan-an ni mo rà níbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Inú ẹ̀ ṣófo pátápátá. ES-335 tó jọ ọ́ ní ìtì igi láàárín ikùn, 330 ò ní. Ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́, kí ohùn ẹ̀ sì mọ́ gaara fún jùjú. Ìyẹn náà ló ń jẹ́ kó máa hu tó bá sún mọ́ anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ sókè.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú anpilifáyà ni mo dúró sí. Àárín orin ìyìn ló bẹ̀rẹ̀: húùùù! Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Mo gbé e lọ bá atúngìtáṣe kan tí wọ́n ń pè ní ògbóǹtarìgì. Kò tiẹ̀ bi mí níbi tí mo dúró sí. Ó ní P-90, irú pickup (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn gìtá) tó wà lára ẹ̀, ló fà á, pé humbucker, irú pickup mìíràn, ló máa wò ó sàn. Humbucker ò gba inú ihò P-90, ló bá fi ẹ̀rọ gbẹ́ àyà gìtá náà. Pákó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti 1967! Mo sanwó, mo gbé e padà, ó tún hu. Ó ní bóyá wáyà mi ni. Títí dòní, tí mo bá rí ojú ọgbẹ́ yẹn, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Ariwo kíkùn P-90 ni humbucker ń pa. Híhu yàtọ̀: ikùn tó ṣófo ló ń gba ohùn anpilifáyà padà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dín báàsì kù, mo ki fóòmù bọ ihò ohùn méjèèjì tó wà lójú gìtá náà, ó dákẹ́.

Tan iná sí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ lápá òkè, ibẹ̀ ni Gibson ti sábà máa ń ṣẹ́. Bí pákó tí ìka ń tẹ̀ bá sì jẹ́ igi rosewood ti Brazil, má gbé e kọjá bodè láìgba ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko tó ṣọ̀wọ́n. Òfin yẹn ti wà láti 1992.

Ní ti bó ṣe rọrùn fún ìka, ọrùn àwọn ti 1967 tín-ín-rín lókè, nǹkan bíi mìlímítà 40. Tí ìka ẹ bá tóbi, yóò há ọ. Láti nǹkan bíi fret 16 (irin kẹrìndínlógún tó dábùú ọrùn) lọ, ara gìtá ló máa dí ọwọ́ ẹ. Lọ ta á fún wákàtí kan kó o tó sanwó.